Ẹja fún ọmọ, ẹ̀wà fún ajá: Ohun tó yẹ kí àwa tí à ń sin ajá ní Kado mọ̀

Ajá kì í lọ sọ́jà, kì í sì í dáná. Ohun tí ẹni tó ni ín bá gbé síwájú rẹ̀ ló máa jẹ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ajá fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sìn ín, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ajá fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà la fẹ́ bá ẹ̀yin èèyàn wa sọ lónìí, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tí ẹ ti ilé wá tẹ̀dó sí Kado, Gwarinpa, Jabi, Utako àti Life Camp nílùú Àbújá níbí, nítorí pé ó ti di ọ̀rọ̀ ìnáwó nínú ọ̀pọ̀ ilé.

Àwa tí à ń gbé Kado mọ̀ pé a kò sin ajá fún fáàrí. Ajá ni ẹ̀ṣọ́ tí kì í gba owó oṣù. Bí máígàádì bá sùn, òun á dìde. Ológbò náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, nítorí pé bí kò bá sí ológbò nílé, ilé á di ilé èkúté. Ọjà ẹja Kado tó wà nítòsí wa ló sì mú kí oúnjẹ àwọn méjèèjì rọrùn láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó bá lọ ra ẹja àrọ̀ tàbí ẹja inú yìnyín á ra orí ẹja àti ẹja wẹ́wẹ́ mọ́ ọn fún ajá. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tún gùn díẹ̀ á ra oúnjẹ ajá inú àpò, èyí tó ti òkè òkun wá.

Ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí náírà náà sì já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún náà, ọ̀rọ̀ ti di bámìíràn. Dọ́là tí kò tó 500 náírà ní báńkì nígbà náà ti lé ní 1,400 náírà nígbà tó fi di 2024. Oúnjẹ ajá inú àpò gbówó lórí tẹ̀lé e. Ẹja inú yìnyín tó ń ti òkè òkun wá náà kò gbẹ́yìn. Ẹja wẹ́wẹ́ tí à ń jù sí ajá tẹ́lẹ̀ ti wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ àwọn ọmọ. Kí ló wá kù fún ajá? Nínú ilé púpọ̀, èbà àti omi ọbẹ̀ ni.

Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa nìyí: ṣé dandan ni kí ajá jẹ ẹran tàbí ẹja kó tó lè ní àlàáfíà? Ìdáhùn tí ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko ti fi síwájú wa báyìí ni pé kò pọn dandan fún ajá tó ti dàgbà, bí a bá mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ti ológbò yàtọ̀ pátápátá, a ó sì dé ibẹ̀.

AJÁ KÌ Í ṢE ÌKOOKÒ MỌ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ajá tí kò bá jẹ ẹran, ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilé. Kí ni ajá àwọn bàbá wa ń jẹ lábúlé? Ẹ̀kọ, iyán àná, àmàlà tó kù nínú àwo àti ìyókù ẹ̀wà ni. Ajá ọdẹ pàápàá, tó ń lé ẹran nínú igbó, egungun àti ìfun ló máa ń kàn án lẹ́yìn tí ọdẹ bá ti pín ẹran tán. Lọ́jọ́ tí ọdẹ bá sì bọ̀ lọ́wọ́ òfo, oúnjẹ tí gbogbo ilé jẹ ni ajá náà ń jẹ.

Ohun tí àwọn bàbá wa fi ojú rí nìyẹn, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ti rí ìdí rẹ̀. Ní 2013, Erik Axelsson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Uppsala, lórílẹ̀-èdè Sweden, gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Nature. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ajá wé ti ìkookò, tí í ṣe baba ńlá ajá. Wọ́n rí i pé ìkookò ní ẹ̀dà méjì péré nínú jíìnì kan tó ń jẹ́ AMY2B, èyí tó ń mú kí ara lè lo àgbàdo, ìrẹsì, iṣu àti àwọn ohun oníyẹ̀fun bẹ́ẹ̀. Ajá ní tirẹ̀ ní láti ẹ̀dà 4 títí dé 30. Ìtumọ̀ èyí ni pé láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún tí ajá ti ń bá èèyàn jẹun nínú agbolé, ara rẹ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń jẹ oúnjẹ èèyàn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí, òfin ìtọ́jú ẹranko ti ọdún 2006 sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó bá ń sin ẹranko láti fún un ní oúnjẹ tó bá a mu. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko níbẹ̀, British Veterinary Association, tako oúnjẹ aláìlẹ́ran fún ajá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2024, wọ́n yí ìpinnu wọn padà. Wọ́n ní àwọn kò tako o mọ́, bí gbogbo èròjà tí ara ajá ń fẹ́ bá ti pé sínú oúnjẹ náà.

Ìwádìí kan tún wà tó jáde ní 2022, èyí tí Andrew Knight àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lórí ajá tó lé ní 2,500. Wọ́n rí i pé àwọn ajá tó ń jẹ oúnjẹ aláìlẹ́ran tí wọ́n pò dáadáa kò ṣàìsàn ju àwọn tó ń jẹ ẹran lọ. Ṣùgbọ́n a kò ní tan yín jẹ o. Ohun tí àwọn tó ni ajá sọ lẹ́nu ni ìwádìí yẹn gbé yẹ̀ wò. Wọn kò kó gbogbo ajá náà lọ sílé ìwòsàn láti yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé ó ṣeé ṣe, tí a kò sọ pé kò léwu rárá.

ÈBÀ ÀTI OMI ỌBẸ̀ KÌ Í ṢE OÚNJẸ AJÁ

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù lọ nìyí. Ẹni tó ń fún ajá rẹ̀ ní èbà àti omi ọbẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ ti sọ ajá náà di ẹni tí kì í jẹ ẹran láìmọ̀. Ṣùgbọ́n irú èyí tó burú jù lọ ló ṣe. Gàárì jẹ́ ohun tó ń yó ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú 100 gíráàmù rẹ̀, èròjà amúaradàgbà kò tó gíráàmù 2. Omi ọbẹ̀ ní ata, iyọ̀ àti àlùbọ́sà nínú, àlùbọ́sà sì jẹ́ májèlé fún ajá, nítorí pé ó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ajá bẹ́ẹ̀ á máa gbẹ, irun ara rẹ̀ á máa re, bí olè bá sì dé, agbára àtigbó kò ní sí.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ẹran tàbí àìlẹ́ran dà yín láàmú. Ohun tó ń fa ìyà fún ọ̀pọ̀ ajá wa ní Kado ni pé kò sí èròjà amúaradàgbà nínú àwo wọn, yálà ti ẹran ni o tàbí ti ẹ̀wà. Ẹni tó bá lágbára àtifi ẹ̀wà tàbí sóyà sínú àwo ajá tó ń jẹ èbà lásán ti ṣe ajá náà lóore ńlá. Ẹni tó sì ń ra odidi ẹja fún ajá lójoojúmọ́ lè dín in kù sí ìdajì, kó fi sóyà dí àlàfo rẹ̀, kí ara ajá má sì yẹ̀.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Nínú 100 gíráàmù sóyà gbígbẹ, èròjà amúaradàgbà tó bíi gíráàmù 36. Ti ẹ̀wà tó bíi 23. Ẹran màlúù tútù tí kò lọ́ràá ní bíi 20 sí 22. Lóòótọ́, sóyà yóò mu omi nígbà tí a bá sè é, tí yóò fi wá kù sí bíi 17 nínú 100, síbẹ̀ kò sí ohun mìíràn tí a ń gbìn nílẹ̀ wa tó sún mọ́ ẹran tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí sóyà yìí ti ń wá kò sì jìnnà sí wa. Ìpínlẹ̀ Benue, tí ọ̀nà rẹ̀ gba Lafia kọjá láti Àbújá, wà lára ibi tí wọ́n ti ń gbìn ín jù lọ ní Nàìjíríà. Kò sí dọ́là nínú rẹ̀, kò sì gba ọkọ̀ òkun kó tó dé ọjà.

Àwa Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí sóyà. Iléeṣẹ́ ìwádìí FIIRO tó wà ní Oṣòdì ló ṣe ògì-sóyà fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí oúnjẹ kò tó lára wọn. Iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA tó wà n'Ìbàdàn náà ṣe gudugudu méje láti kọ́ àwọn ìyá wa bí a ṣe ń fi sóyà sínú mọ́ínmọ́ín àti ògì, àti bí a ṣe ń fi í ṣe irú. Wàrà sóyà tí àwọn aládùúgbò wa ń dín tà lójú pópó, tí wọ́n ń pè ní àwárà, sóyà kan náà ni. Bí ó bá tó ọmọ èèyàn jẹ, ó tó ajá jẹ.

KÍ LÓ KAN ẸJA NÍNÚ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ?

Ẹnìkan lè ní, "Owó mi ni mo fi ra ẹja fún ajá mi, kí ló kan aráyé?" Ó kàn wọ́n o. Ẹja inú òkun kì í ṣe ohun tí kò lópin.

Ẹja wẹ́wẹ́ bíi ṣáwá ni ẹran àwọn tálákà láti Senegal dé Gambia àti Mauritania. Láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn iléeṣẹ́ kan ti ń kó ẹja yìí, wọ́n á sè é, wọ́n á fún epo rẹ̀ jáde, wọ́n á gbẹ ìyókù, wọ́n á sì lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun ẹja. Ó máa ń gba bíi kílò 4 sí 5 ẹja tútù kí kílò kan ìyẹ̀fun tó jáde. Wọ́n á wá kó o lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù àti Éṣíà láti fi bọ́ ẹja inú adágún, ẹlẹ́dẹ̀, adìyẹ àti àwọn ẹranko inú ilé. Ní 2021, ẹgbẹ́ Greenpeace Africa àti ẹgbẹ́ Changing Markets kọ ọ́ síwèé pé ẹja tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ni wọ́n ń sọ di ìyẹ̀fun àti epo báyìí lọ́dọọdún ní apá ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Wọ́n ní ẹja náà tó bọ́ èèyàn mílíọ̀nù 33.

Ní Gunjur, lórílẹ̀-èdè Gambia, àwọn ará ìlú jí lọ́jọ́ kan nínú oṣù karùn-ún ọdún 2017, wọ́n rí i pé omi ọ̀sà wọn ti pọ́n rokoṣo, ẹja sì ń kú lójú omi. Iléeṣẹ́ ìyẹ̀fun ẹja tó wà nítòsí ni wọ́n na ìka sí, ìjà òfin sì tìdí rẹ̀ yọ. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja tà níbẹ̀ ń ráhùn pé iléeṣẹ́ ń ra ẹja mọ́ àwọn lọ́wọ́, owó rẹ̀ sì ti ga ju agbára àwọn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ohun tí ojú ìyá ẹlẹ́ja ń rí lọ́jà Kado nígbà tí ọjà bá gbówó lórí, ẹ óò mọ irú ìrora tí a ń wí.

Kó yé wa pé a kò sọ pé ajá Kado ló jẹ ẹja Gambia tán. Ẹja inú adágún ló ń jẹ ìyẹ̀fun náà jù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń tọ̀: ẹja tí èèyàn ìbá jẹ ni a ń fi bọ́ ẹranko. Ẹ sì wo ohun ìyanu kan: ẹja àrọ̀ tí à ń rà lọ́jà Kado náà, oúnjẹ rẹ̀ kì í ṣe ìyẹ̀fun ẹja nìkan. Sóyà, kúlíkúlí ẹ̀pà àti àgbàdo wà nínú rẹ̀ dáadáa, nítorí pé àwọn tó ń sin ẹja ti rí i tipẹ́ pé ìyẹ̀fun ẹja nìkan á jẹ wọ́n ní gbèsè. Bí a bá wá fi sóyà bọ́ ẹja, ká tó fi ẹja bọ́ ajá, ṣé a kò tẹ̀ yípo ọjà lásán? Ajá lè jẹ sóyà náà láti ọwọ́ wa tààrà.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ajá àti ológbò ti ju mílíọ̀nù 160 lọ, ọ̀jọ̀gbọ́n Gregory Okin ti Yunifásítì UCLA ṣe ìṣirò kan ní 2017. Ó ní nínú gbogbo ìpalára tí ẹran sísìn ń ṣe fún ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà, bí ìdá 25 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ ti oúnjẹ ajá àti ológbò. Àwọn kan ta kò ó, wọ́n ní ìfun, ẹ̀dọ̀ àti ẹsẹ̀ adìyẹ tí èèyàn kò jẹ ni wọ́n ń kó sínú oúnjẹ ajá. Òótọ́ wà nínú ìyẹn níbẹ̀. Níbí ńkọ́? Ṣàkì, fùkù, ẹ̀dọ̀, pọ̀nmọ́, ẹsẹ̀ adìyẹ, orí ẹja, èwo la jù nù nínú wọn? Ohun tí òyìnbó ń pè ní ìdọ̀tí ẹran, ọbẹ̀ aládùn ni lọ́dọ̀ wa. Nítorí náà, ohun tí ajá bá jẹ nínú rẹ̀ níbí, ẹnu èèyàn ló ti já a gbà. Bí ó bá wá kù tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé kí ajá jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí àwọn ẹran náà tún wà níbẹ̀. Adìyẹ tó wà nínú oúnjẹ ajá inú àpò, ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà péré ni púpọ̀ nínú wọn ń lò láyé, nínú ilé tí wọ́n há wọn mọ́ra wọn. Àwọn àgbà ló ní bó ti ń dun ọmọ ẹyẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń dun ọmọ èèyàn. Ẹni tó fẹ́ràn ajá nítorí pé ó mọ̀ pé ara ń ro ó, kò yẹ kó gbàgbé pé ara ń ro adìyẹ pẹ̀lú.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

Ẹ má kàn dédé yí oúnjẹ ajá padà lọ́jọ́ kan. Inú rẹ̀ á bàjẹ́. Ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ pò ó mọ́ èyí tó ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá.

Sóyà kò ṣeé fún ajá ní tútù. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ikùn lè lo èròjà amúaradàgbà, iná nìkan ló ń pa á. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ da omi náà nù, ẹ wá sè é títí tí yóò fi rọ̀ dáadáa. Bí ẹ bá bó èèpo rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ajá á dínkù. Ẹ̀wà náà, sísè ni. Ẹ má fi iyọ̀, ata, máagí tàbí àlùbọ́sà sí i.

Ẹ má fún un ní sóyà tàbí ẹ̀wà nìkan. Èròjà kan tó ń jẹ́ methionine kéré nínú ẹ̀wà àti sóyà, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìrẹsì, àgbàdo àti ọkà bàbà. Bí a bá pò wọ́n pọ̀, ọ̀kan á dí àlàfo èkejì. Ohun tí ìyá wa mọ̀ nìyẹn tó fi ń fún wa ní ìrẹsì àti ẹ̀wà, tàbí ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ẹ fi ẹ̀fọ́ tí a ti sè díẹ̀ àti epo díẹ̀ sí i. Ẹyin sísè kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí edé díẹ̀, á ṣe iṣẹ́ ńlá, nítorí pé fítámì B12 kò sí nínú ohun tó ń hù láti ilẹ̀. Káṣíọ́ọ̀mù tó ń mú egungun le kò tó nínú oúnjẹ yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò tó nínú ẹran lásán. Èèpo ẹyin tí a fọ̀, tí a yan, tí a sì lọ̀ kúnná lè ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n dókítà ẹranko ló yẹ kó sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún yín, gẹ́gẹ́ bí ajá yín bá ṣe tóbi tó.

Ẹ ṣọ́ra fún kúlíkúlí. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà fún jíjẹ ní ata àti iyọ̀ nínú. Èyí tó tún léwu jù ni ẹ̀pà àti àgbàdo tó bá ti bu. Májèlé kan tó ń jẹ́ aflatoxin máa ń wà nínú ohun tó bá bu bẹ́ẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló sì ń bà jẹ́. Ní ìparí 2005, oúnjẹ ajá tí májèlé yìí wọ inú rẹ̀ pa ajá tó lé ní 100 ní Amẹ́ríkà. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ìparí 2020, ajá tí wọ́n ròyìn pé ó kú nígbà náà sì tún lé ní 100. Kì í mọ ní ajá nìkan: ní Kenya, lọ́dún 2004, àgbàdo tó bu pa èèyàn 125. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé, "Àgbàdo yìí ti bu, ẹ gbé e fún ajá." Ohun tí kò tọ́ sí ẹnu èèyàn kò tọ́ sí ẹnu ajá.

Ọmọ ajá tó ṣì ń dàgbà, abo ajá tó lóyún tàbí tó ń fún ọmọ lọ́mú, àti ajá tó ń ṣàìsàn, ẹ má fi wọ́n dán ohunkóhun wò. Ohun tí ara wọn ń béèrè pọ̀ ju ti ajá tó ti gbó lọ. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ra ti inú àpò, ẹ mọ̀ pé ní 2018, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àwọn oúnjẹ ajá kan tí kò ní ọkà nínú, tí wọ́n fi ẹ̀wà pòpòǹdó ilẹ̀ òyìnbó kún inú rẹ̀, nítorí pé àwọn kan nínú ajá tó ń jẹ ẹ́ ní àrùn ọkàn. Títí di 2022 tí wọ́n sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ gbẹ̀yìn, wọn kò tíì lè sọ pé oúnjẹ náà gan-an ló fà á. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí á má ṣe gbára lé irú ẹ̀wà kan ṣoṣo, kí á sì máa jẹ́ kí dókítà ẹranko yẹ ajá wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọjọ́ tí a bá gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi la lè bá dókítà sọ̀rọ̀ oúnjẹ rẹ̀. Fásitì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Gwagwalada ní ẹ̀ka ìṣègùn ẹranko, bẹ́ẹ̀ ni àwọn aládàáni náà wà káàkiri Àbújá.

OLÓGBÒ KÒ SÍ NÍNÚ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ

Ìka tó tọ́ símú la fi ń ro imú. Ohun tó bá ajá mu kò bá ológbò mu. Ara ajá lè fi èròjà tó wà nínú oúnjẹ ṣe ohun kan tó ń jẹ́ taurine, èyí tí ọkàn ń lò. Ara ológbò kò lè ṣe é tó, inú ẹran àti ẹja ló sì ti ń rí i. Ní 1987, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California tó wà ní Davis fi hàn pé àìtó taurine nínú oúnjẹ ló ń mú kí ọkàn ọ̀pọ̀ ológbò wú, tí wọ́n fi ń kú. Ó tún máa ń fọ́ wọn lójú. Ológbò kò sì lè rí fítámì A láti inú ẹ̀fọ́ àti kárọ́ọ̀tì bíi tiwa.

Àwọn dókítà ẹranko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó yí ìpinnu wọn padà nípa ajá ní 2024 kò yí i padà nípa ológbò. Ẹni tó bá ń fún ológbò ní ẹ̀wà àti ìrẹsì nìkan ń pa á díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ orí ẹja tiẹ̀. Ara rẹ̀ kéré, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń tó o. Èyí tí a bá dín kù nínú àwo ajá á tó fún un, yóò sì tún ṣẹ́ kù fún ìkòkò ọbẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, ìlú onílùú la wà, owó tí à ń rí kò sì pọ̀ tó èyí tí à ń ná. Kò sẹ́ni tó yẹ kó fi ebi pa ọmọ rẹ̀ nítorí ajá, kò sì sẹ́ni tó yẹ kó so ajá mọ́ igi kó máa fi èbà tàn án jẹ. Ẹni tí kò bá lè bọ́ ajá, kó má sìn ín. Ẹni tó bá sì ń sìn ín, kó ra kóńgò sóyà kan lọ́jà, kó rẹ ẹ́ sómi lálẹ́, kó sè é jinná láàárọ̀, kó pò ó mọ́ ìrẹsì tàbí túwó àgbàdo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó wo irun ara ajá náà, kó wo ìgbẹ́ rẹ̀, kó sì gbọ́ bó ṣe ń gbó lóru. Bí nǹkan kan bá ṣe ségesège, kó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí ohun gbogbo bá sì ń lọ déédéé, kó sọ fún aládùúgbò rẹ̀, ì báà jẹ́ Gbagyi tí a bá nílẹ̀, ì báà jẹ́ Haúsá tàbí Íbò, nítorí ọ̀rọ̀ ajá inú ilé kò mọ èdè.